Tòmátì Ẹ̀yìnkùlé: Ọjọ́ Tẹ́ẹ Lọ́ Ọ Ni Kẹ́ẹ Gún Ọ̀pá Sí I

Òjò oníjì tó rọ̀ lóṣù Júlàì ló fa ìwé yìí. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, a bẹ̀rẹ̀ sí í yíde ẹ̀yìnkùlé àwọn èèyàn n'Ìbàdàn níbí, ibi tá a bá sì ti dé ọ̀rọ̀ kan náà là ń gbọ́, "ẹ wá wo tòmátì mi, ìjì ti dà á wó". Lóòótọ́ ó ti wó, èso tútù kún orí ẹ̀, gbogbo ẹ̀ nà gbalaja sínú ẹrẹ̀. Mo yí èso kan lára ẹ̀ padà báyìí, òkè ẹ̀ ń dán, ìsàlẹ̀ tó fara kanlẹ̀ ti dúdú, ó ti rọ̀ bí ẹ̀kọ tó sè jù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìjì sílẹ̀. Tòmátì tó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 3, tó gbé èso 20 sórí, tí ò rí nǹkan kan fẹ̀yìn tì, báwo ló ṣe máa dúró?

Àṣìṣe tá à ń rí káàkiri rèé. Wọ́n á gbìn ín, wọ́n á bomi rin ín láàárọ̀ lálẹ́, wọ́n á lọ wá ìgbẹ́ adìyẹ sí i, gbogbo ẹ̀ ni wọ́n máa ṣe àfi ọ̀pá. Wọ́n á ní "ẹ jẹ́ kó dàgbà díẹ̀ ná". Ó dàgbà, ó ń tẹ̀ sápá kan, wọ́n á ní ó dọjọ́ Sátidé. Ìgbà tó bá ṣubú tán ni wọ́n máa tó sáré wági kiri. Ẹni tó bá gún ọ̀pá sí tòmátì tó ti lé lóṣù kan nínú ilẹ̀, àárín gbòǹgbò ló gún un sí o. Ẹ ò ní rí i lójú ẹsẹ̀ pé ẹ ti já a, tó bá máa fi di ọjọ́ kẹta ewé ẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í rọ lọ́sàn-án, ẹ ó ní òùngbẹ ló ń gbẹ ẹ́, ẹ ó tún lọ bu omi sí i.

Ọjọ́ tẹ́ẹ bá lọ́ ọ gan-an, ìyẹn ọjọ́ tẹ́ẹ ṣí i kúrò níbi tó ti hù lọ gbìn síbi tó máa dúró sí, lọ̀pá gbọ́dọ̀ wọlẹ̀. Tí ò bá ṣeé ṣe rárá, kó má kọjá ọjọ́ 14. Ọ̀pá ẹsẹ̀ bàtà 6 ni ti èyí tó máa ń ga lọ láì dáwọ́ dúró, kí ẹsẹ̀ bàtà 1 àtààbọ̀ nínú ẹ̀ rì sílẹ̀. Ẹsẹ̀ bàtà 4 ti tó fún Roma, irú tòmátì tí kì í ga púpọ̀, kí 1 rì. Kó fi íǹṣì 4 jìnnà sí ìdí tòmátì. Oparun ló dáa jù, ẹ fi iná jó ẹnu ibi tó máa wọlẹ̀ títí á fi dúdú, torí ikán. Ẹ má fi igi ẹ̀gẹ́ ṣe é, mo bẹ̀ yín, ó máa hù ni, ẹ̀gẹ́ á wá máa bá tòmátì du oúnjẹ lójú kan náà. Àgunmánìyè tútù náà, híhù ló máa hù. Ẹ̀yin tẹ́ẹ gbìn ín sínú bókẹ́ẹ̀tì ọ̀dà lítà 20, ìdí kan péré nínú bókẹ́ẹ̀tì kan, ọ̀pá kan ṣoṣo ò sì lè dúró níbẹ̀ torí yẹ̀pẹ̀ ẹ̀ ò jìn, ọ̀pá 3 ni kẹ́ẹ gún sétí ẹ̀ yí ká, kẹ́ẹ so orí wọn pọ̀ lókè.

Ká wá bọ́ sórí síso. Ìyá àgbà kan pè mí wá wo tiẹ̀, ó ní ọ̀pá wà níbẹ̀ o, òun gún un lásìkò, kí ló dé tí ewé òkè ń pọ́n? Wáyà iná ni màmá fi so ó. Nígbà tí mo tú wáyà náà, ó ti jẹ wọnú igi, òkè ibẹ̀ wú, ìsàlẹ̀ ẹ̀ tín-ín-rín, ojú wáyà náà fi ìlà yí i po bí ìgbà tí òrùka há sọ́wọ́ èèyàn. Oúnjẹ ò lè gba ibẹ̀ kọjá mọ́. Aṣọ ni kẹ́ẹ lò, àjákù ańkárá, síńgílẹ́ẹ̀tì tó ti gbó, ẹ ya á ní íǹṣì 1 níbùú, íǹṣì 12 lóòró. Ẹ so ó mọ́ ọ̀pá kó le dáadáa, ẹ wá lọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan kó rí bíi nọ́ńbà 8, lẹ́yìn náà kó yí tòmátì po, kó sì dẹ̀ lára tòmátì, ìka yín kan gbọ́dọ̀ lè gba àárín kọjá. Àkọ́kọ́ tó bá ga tó íǹṣì 10, lẹ́yìn ìyẹn tó bá ti fi íǹṣì 8 kún un, aṣọ míì. Abẹ́ ewé ni kẹ́ẹ gbé e gbà. Ẹ má so ó sábẹ́ ibi tí òdòdó ti yọ, tí èso bá wúwo á ṣẹ́ níbẹ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ ẹ̀ka abíyá. Ibi tí ewé ti pàdé igi, bí abíyá èèyàn, ẹ̀ka kékeré kan máa ń yọ níbẹ̀. Àwọn kan wo fídíò lórí fóònù, wọ́n wá ń já gbogbo ẹ̀ka abíyá Roma dànù. Orí ẹ̀ka yẹn ni Roma máa so sí! Roma àti UC82B, irú míì tóun náà kì í ga púpọ̀, èyí tó bá wà nísàlẹ̀ òdòdó àkọ́kọ́ nìkan lẹ máa já, ẹ fi ìyókù sílẹ̀. Èyí tó ń ga láì dáwọ́ dúró ni kẹ́ẹ máa já tiẹ̀, ẹ fi igi 1 tàbí 2 sílẹ̀ fún un, ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, kẹ́ẹ sì já a nígbà tí ò tíì ju íǹṣì 2 lọ, ọwọ́ lásán ti tó. Tó bá ti nípọn tó bírò, ẹ má fà á ya mọ́, sísọ́ọ̀sì ni. Ẹ má fọwọ́ kàn án tí ìrì tàbí òjò bá ṣì wà lára ẹ̀, bí àrùn ṣe ń kiri láti ìdí kan sí ìkejì nìyẹn. Ẹni tó ń mu sìgá tàbí tó ń fín áṣáà, kó fọṣẹ fọwọ́ kó tó dé ìdí ẹ̀, àrùn kan wà tó ń ti ara tábà ran tòmátì, kò sì lóògùn.

Tó bá ti ga tó ẹsẹ̀ bàtà 3, ẹ ká ewé tó wà láàárín ilẹ̀ sí íǹṣì 12 kúrò, torí erùpẹ̀ tí òjò ń ta sí i lára. Díẹ̀díẹ̀ o, ẹ má já ju ìdá kan nínú mẹ́ta ewé ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, oòrùn á jó èso, ojú ibẹ̀ á funfun. Koríko gbígbẹ íǹṣì 3 sí ìdí ẹ̀, kó má fara kan igi.

Tiyín ti ṣubú ńkọ́? Tó bá jẹ́ àná, tí ilẹ̀ ṣì tutù, ẹ gbé e díẹ̀díẹ̀, ẹni kan á dì í mú, ẹni kejì á so ó, ẹ kó yẹ̀pẹ̀ bo ìdí ẹ̀. Tó bá ti tó ọ̀sẹ̀ kan, ẹ má fà á dìde. Igi tòmátì tó bá sùn sílẹ̀ máa ń yọ gbòǹgbò lára, ẹ ó já gbogbo ẹ̀. Ẹ jẹ́ kó sùn, kìkì orí ẹ̀ ni kẹ́ẹ gbé sókè, ẹ wá tẹ́ koríko gbígbẹ sábẹ́ èso.

Ọ̀pọ̀ wa mọ ìdí tá a fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbin nǹkan yìí sílé. Lọ́dún 2016 tí kòkòrò Tuta absoluta jẹ oko tòmátì run ní Kàdúná, tí gbogbo ayé ń pè é ní Ebola tòmátì, ẹ rántí bí apẹ̀rẹ̀ tòmátì ṣe gbówó lórí lọ́jà wa níbí. Ẹni tó rántí ìyẹn ò yẹ kó jẹ́ kí èso 20 jẹrà sínú ẹrẹ̀ nítorí oparun kan.

Tẹ́ẹ bá ká a tán, ẹ fa ọ̀pá yọ, ẹ fọ yẹ̀pẹ̀ ara ẹ̀ kúrò, ẹ rẹ ẹ́ sínú bílíìṣì ife 1 sí omi ife 9 fún ìṣẹ́jú 30, kẹ́ẹ sá a sóòrùn. Aṣọ tẹ́ẹ fi so ó, ẹ dáná sun ún, ẹ má lò ó lẹ́ẹ̀kejì.