Kí ẹ tó wọ ọkọ̀ ojú omi ní Tallinn

Ẹ̀yin ará wa tí ẹ ń kàwé ní Estonia, tí ẹ fẹ́ gba Tallinn lọ kí èèyàn yín ní Helsinki ní Finland, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo tíkẹ́ẹ̀tì yín dáadáa kí ẹ tó kúrò nílé. Tẹ́mínà D ni ọkọ̀ Tallink ti ń gbéra, Tẹ́mínà A ni ti Viking Line àti Eckerö Line. Ẹni tó bá gbé ẹrù lọ sí èyí tí kì í ṣe tirẹ̀ á rìn kó tó débi tó ń lọ. Aago tí wọ́n kọ síbẹ̀, ìgbà tí ọkọ̀ máa gbéra ni. Wọ́n á ti ti géètì ṣáájú. Ẹ tètè dé.

Ẹ mú páspọ́ọ̀tì àti káàdì ìgbélùú yín dání. Lóòótọ́, inú Schengen, ìyẹn àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tí wọn kì í sábà yẹ ìwé wò ní ẹnubodè láàárín ara wọn, ni ìlú méjèèjì wà, àmọ́ wọ́n lè ní kí ẹ fi ìwé hàn, ẹ má sì gbẹ́kẹ̀ lé fọ́tò inú fóònù.

Bíi wákàtí méjì sí méjì àbọ̀ ni ìrìn náà, ẹ má wulẹ̀ sanwó yàrá. Bí òkun bá ń ru, tí èébì ń gbé yín, àárín ọkọ̀ nísàlẹ̀ ni kí ẹ jókòó sí. Ibẹ̀ kì í mì tó òkè.