Ìrẹsì ń dà nù lẹ́yìn kọ́ḿbáìnì: ìbéèrè àti ìdáhùn

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Àkùrọ̀ wa wà lọ́nà Ìjẹ̀bú-Igbó níbí, irú ìrẹsì tí wọ́n ń pè ní FARO 44 la gbìn, a wá háyà kọ́ḿbáìnì kékeré, máṣíìnì tó ń gé ìrẹsì tó sì ń pa á, àmọ́ hóró tó ń dà sílẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀ ti pọ̀ jù, ẹyẹ ti bò ó. Ọpurétọ̀ ní bí gbogbo máṣíìnì ṣe ń ṣe nìyẹn. Ṣé lóòótọ́ ni?

Ìdáhùn: Ó ń purọ́ jàre. Kò sí máṣíìnì tí kì í da díẹ̀ nù o, àmọ́ díẹ̀ náà ní ìwọ̀n. Má jẹ́ kó fọwọ́ kan nọ́ọ̀tì kankan ná, kọ́kọ́ mọ ibi tó ti ń jábọ́, torí àwọn míì á lọ máa yí fáànù nígbà tó jẹ́ iwájú lọ̀rọ̀ wà. Ní kó dúró láàárín oko, kó pa ìrẹsì tó wà nínú ẹ̀ tán, kó fi rìfáàsì sẹ́yìn tó gígùn ara ẹ̀. Wá bẹ̀rẹ̀, ka hóró tó wà nínú mítà kan níbùú lóròó, níbi mẹ́ta: lábẹ́ ìrẹsì tẹ́ ẹ ò tíì gé, níbi tí ọ̀bẹ iwájú ti gé àmọ́ tí koríko tí máṣíìnì ń tú jáde lẹ́yìn ò tíì dà sí, àti lábẹ́ koríko ẹ̀yìn gan-an. Ti àkọ́kọ́ yẹn, ẹ̀yin lẹ ni ín, ẹ ti jẹ́ kó gbó jù kẹ́ ẹ tó pe máṣíìnì, máṣíìnì ò mọ̀ sí i. Yọ ọ́ kúrò nínú ti ìkejì, èyí tó kù ni iwájú dà nù. Yọ ti ìkejì kúrò nínú ti ìkẹta, ti ẹ̀yìn nìyẹn. Nǹkan bí hóró 40 ló ń wọn gíráàmù kan, gíráàmù kan ní mítà yẹn sì jẹ́ kílò 10 ní hẹ́kítà, torí náà tó o bá rí hóró 400, kílò 100 ló ti sùn sílẹ̀ yẹn. Ṣùgbọ́n ti ẹ̀yìn gba ọgbọ́n o: tí ọ̀bẹ bá ń gé mítà méjì, tí koríko ẹ̀yìn wá kóra jọ sí ààbọ̀ mítà, fi mẹ́rin pín in.

Ìbéèrè: Mo ti kà á. Iwájú ò burú, ẹ̀yìn ni. Ṣírí kan ṣì ní hóró lára, àmọ́ hóró tó ti já, tó yọmọ dáadáa, ló pọ̀ jù.

Ìdáhùn: Èyí tó ṣì wà lára ṣírí, dírọ́ọ̀mù, ìyẹn ibi tó ń yí tó ń pa ìrẹsì kúrò lára ṣírí, ò pa á délẹ̀. Aago mélòó lẹ bẹ̀rẹ̀? Tí ìrì bá ṣì wà lára ìrẹsì, kò ní já, ẹ jẹ́ kí oòrùn mú un dáadáa kẹ́ ẹ tó wọlé. Tó bá ti gbẹ tó ṣì ń rí bẹ́ẹ̀, kó sún irin abẹ́ dírọ́ọ̀mù mọ́ ọn díẹ̀, díẹ̀ o, torí tó bá fún jù, hóró á bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ nínú táǹkì.

Hóró tó ti já tó ń bá koríko jáde, ìsáré ni mo kọ́kọ́ fura sí. Ẹ́kà lẹ ń sanwó fún, àbí? Ó fẹ́ parí kó kọjá sí oko ẹlòmíì ni. Koríko tó ń wọlé pọ̀ ju èyí tí máṣíìnì lè gbọ̀n lọ. Kó lo jíà tó kéré sí i, àmọ́ kó má dín iná ẹ́ńjìnnì kù rárá, torí ẹ́ńjìnnì ló ń yí dírọ́ọ̀mù, fáànù àti asẹ́, tó bá dín in kù gbogbo ẹ̀ ló máa rọ̀, wàhálà á wá di méjì. Ẹ rìn díẹ̀, kẹ́ ẹ tún kà á. Tí kò bá dín, ẹ wá dín fáànù kù tàbí kẹ́ ẹ ṣí asẹ́ sí i, ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan. Tí ìyàngbò bá ti ń pọ̀ nínú táǹkì, ẹ ti dín fáànù jù nìyẹn.

Ìbéèrè: Ọmọ mi, àgbàdo ni tèmi, ní Ìkẹ́nnẹ́. Hóró ń fọ́.

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́, mà. Kí wọ́n dín eré dírọ́ọ̀mù kù, kí wọ́n sì sún irin abẹ́ ẹ̀ sẹ́yìn. Àgbàdo tí omi inú ẹ̀ ṣì ju 25% lọ máa ń fọ́ bẹ́ẹ̀, kórè Oṣù Keje tí òjò ò jẹ́ ká rí sùúrù yìí pàápàá. Tí wọ́n bá pa á tán, ẹ sá a kó wálẹ̀ dé 13% kẹ́ ẹ tó dì í sápò, èyí tó fọ́ yẹn ni kòkòrò máa kọ́kọ́ wọ̀.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ti ìrẹsì wa ti dín o! Àmọ́ ó ku ìlà tín-ín-rín kan tó ń tẹ̀ lé máṣíìnì lápá kan ṣáá.

Ìdáhùn: Ihò ni. Wo ìdérí abẹ́ ibi tó ń gbé hóró lọ sí táǹkì, bóyá bóòtù ẹ̀ ti tú.