Iná lọ, Git bàjẹ́: ìbéèrè àti ìdáhùn fún àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà ní Àjàṣẹ́, Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́, ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀

Ìbéèrè (Àjàṣẹ́): Ẹ kú iṣẹ́ o. Kọ̀ǹpútà orí tábìlì ni mo ń lò, kò ní bátìrì. Iná lọ bí mo ṣe ń ṣe commit lọ́wọ́, ìyẹn fífi ipò iṣẹ́ pamọ́ sínú Git (ètò tó ń tọ́jú ìtàn àyípadà fáìlì). Nígbà tí iná dé, ohunkóhun tí mo bá ní kí Git ṣe, èsì kan náà ló ń fọ̀: «object file is empty». Ṣé kí n pa fódà náà rẹ́, kí n tún un gbà láti orí server?

Ìdáhùn: Rárá o, ẹ má pa á rẹ́! Gbogbo iṣẹ́ tí ẹ ṣe lẹ́yìn push (fífi iṣẹ́ ránṣẹ́ sórí server) tí ẹ ṣe kẹ́yìn, inú fódà yẹn nìkan ló wà. Server kò mọ̀ ọ́n rí.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Git ti dá fáìlì tuntun sílẹ̀, ó ti fún un lórúkọ, ṣùgbọ́n ohun tó yẹ kó wọ inú rẹ̀ ṣì wà nínú RAM (ìrántí kọ̀ǹpútà tó máa ń ṣófo tí iná bá lọ). Linux kì í kọ nǹkan sórí dísíkì lójú ẹsẹ̀. Ó máa ń kó wọn jọ fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ kó tó kọ wọ́n pọ̀. Àárín ìyẹn ni iná lọ. Orúkọ dé orí dísíkì, inú fáìlì ṣófo.

Kí ẹ tó ṣe ohunkóhun, ẹ ṣe àdàkọ gbogbo fódà náà, ti .git inú rẹ̀ náà (`cp -a ise ise-adako`), kí ẹ sì fi àdàkọ yẹn sílẹ̀ láìfọwọ́kàn. Lẹ́yìn náà, ẹ wọ inú fódà iṣẹ́, kí ẹ pa àwọn fáìlì òfìfo rẹ́, kí ẹ sì bi Git léèrè ohun tó sọnù:

```
find .git/objects -type f -empty -delete
git fsck --full
```

Bó bá jẹ́ pé HEAD (àmì tó ń tọ́ka sí commit tí ẹ wà lórí rẹ̀) ni Git ń ráhùn nípa rẹ̀, ẹ tẹ `tail -n 3 .git/logs/HEAD`. Nọ́ńbà gígùn méjì ló máa ń bẹ̀rẹ̀ ìlà kọ̀ọ̀kan, àmì 40 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ ni ibi tí ẹ wà tẹ́lẹ̀, ìkejì ni ibi tí commit yẹn gbé yín dé. Commit ìlà ìkẹyìn ló sábà máa ń bàjẹ́, nítorí náà nọ́ńbà àkọ́kọ́ ní ìlà yẹn lẹ ń wá. Ẹ fi `git cat-file -t NOMBA` dán an wò (ẹ fi nọ́ńbà yẹn sí ipò NOMBA). Tó bá dáhùn pé «commit», ó yè. Tí fáìlì ẹ̀ka yín (bíi .git/refs/heads/main) fúnra rẹ̀ bá ṣófo, ẹ kọ́kọ́ pa á rẹ́. Ó wá ku:

```
git update-ref HEAD NOMBA
rm -f .git/index
git reset
```

`git reset` lásán kì í fọwọ́ kan fáìlì tí ẹ kọ. Ẹ má fi `--hard` kún un rárá, nítorí òun ni yóò gbá iṣẹ́ òní dànù. Tí `git status` bá ti ń dáhùn, ẹ tún commit yẹn ṣe.

Kó má baà tún ṣẹlẹ̀: láti Git 2.36 (ọdún 2022), `git config --global core.fsync all` máa ń fi dandan lé e kí nǹkan dé orí dísíkì kí Git tó sọ pé òun ti parí. Ó ń dín iyára kù díẹ̀, ṣùgbọ́n ní ibi tí iná ti ń lọ láìsọ fúnni, mi ò rí ìdí tí ẹnikẹ́ni kò fi ní tàn án. Ẹ sì ra onduleur (UPS, àpótí bátìrì tó ń gbé kọ̀ǹpútà dúró nígbà tí iná bá lọ). VA tí wọ́n kọ sára rẹ̀ kì í ṣe watt: onduleur 650 VA kì í sábà gbé ju nǹkan bí 360 sí 390 watt lọ. Ẹ so kọ̀ǹpútà, ojú rẹ̀ àti router mọ́ ọn, kí ẹ má so ẹ̀rọ ìtẹ̀wé laser mọ́ ọn láé. Tí kò bá gbé iná mọ́ lẹ́yìn ọdún bíi mẹ́ta, bátìrì inú rẹ̀ ló kú, èyí tó sábà máa ń jẹ́ 12 V, 7 Ah. Ẹ pààrọ̀ ìyẹn nìkan.

Ìbéèrè (Àjàṣẹ́): Aago kọ̀ǹpútà mi máa ń padà sí ọdún 2015 ní gbogbo ìgbà tí mo bá yọ ọ́ kúrò lára iná. Kò sí ojú ewé tó ń ṣí, `git pull` náà ní ìwé ẹ̀rí server kò tíì tó àkókò.

Ìdáhùn: Bátìrì roboto CR2032, 3 V, orí pákó inú kọ̀ǹpútà (motherboard) ló ti tán. Ẹ pa ẹ̀rọ, ẹ yọ wáyà iná, ẹ fi tuntun sí i, kí ojú tó ní àmì + wà lókè. Ti laptop sábà máa ń ní wáyà méjì tó ti lẹ̀ mọ́ ọn, nítorí náà èyí tó ní wáyà ni kí ẹ béèrè. Lẹ́yìn náà: `sudo timedatectl set-timezone Africa/Porto-Novo` àti `sudo timedatectl set-ntp true`.

Ìbéèrè (Kétu): Ẹ jọ̀ọ́, mò ń ṣe ìwé atúmọ̀ èdè kékeré fún àwọn ọmọ ilé ìwé. Díẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ náà wá láti inú ìwé tí wọ́n tẹ̀ ní Bẹ̀nẹ̀ níbí, ìyókù wá láti Nàìjíríà. Tí mo bá wá «ọmọ», ìdajì ni mo ń rí. Nígbà mìíràn, ọ̀rọ̀ méjì tó jọra lójú, kọ̀ǹpútà ní wọn kì í ṣe ọ̀kan náà.

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ ńlá. Wàhálà mẹ́ta ló dì pọ̀ síbẹ̀, àtúnṣe kan ṣoṣo kò lè yanjú wọn.

Àkọ́kọ́ ni pé «ọ̀» kò ní kóòdù kan ṣoṣo nínú Unicode (ìlànà tó ń fún lẹ́tà àti àmì kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà). Ó lè jẹ́ méjì (U+1ECD àti U+0300), ó lè jẹ́ mẹ́ta (o, U+0323, U+0300). Python yóò ní gígùn ti àkọ́kọ́ jẹ́ 2, ti ìkejì 3, bẹ́ẹ̀ ojú kò lè yà wọ́n. NFC (ìlànà Unicode tó ń so lẹ́tà pọ̀ mọ́ àmì rẹ̀) ló ń sọ wọ́n di ọ̀kan. Èkejì: àwọn kan kì í fi àmì tó ṣe roboto sábẹ́ lẹ́tà, ìlà kékeré olóòró (U+0329) ni wọ́n ń fi síbẹ̀. NFC kò ní fọwọ́ kan ìyẹn. Ẹ̀kẹta ló wá tóbi jù: àkọtọ́ Bẹ̀nẹ̀ ń lo ɔ, ɛ, sh àti kp níbi tí ti Nàìjíríà ń lo ọ, ẹ, ṣ àti p. Lójú Unicode, ɔ àti ọ kò bára tan rárá.

Ẹ má yí àkọtọ́ ẹnikẹ́ni padà. Ẹ tọ́jú ọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe kọ ọ́, kí ẹ wá ṣe òpó kejì tó jẹ́ ti wíwá nìkan:

```
import unicodedata as u
def kokoro(s):
    s = s.lower().replace("\u0329", "\u0323")
    for a, b in (("ɔ","ọ"), ("ɛ","ẹ"), ("sh","ṣ"), ("kp","p")):
        s = s.replace(a, b)
    s = u.normalize("NFD", s)
    s = "".join(c for c in s if c not in "\u0300\u0301\u0304")
    return u.normalize("NFC", s)
```

Ẹ gba ohun tí ọmọ tẹ̀ sínú àpótí ìwákiri kọjá nínú `kokoro` kan náà. Yíyọ àmì ohùn kúrò yóò kó ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ pọ̀ sójú kan, nítorí náà ẹ jẹ́ kí èyí tí àmì rẹ̀ bá ti olùwá mu gẹ́lẹ́ ṣíwájú, kí ìyókù tẹ̀ lé e. Ọmọ tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń tẹ àmì lórí fóònù yóò ṣì rí ọ̀rọ̀ tó ń wá, ohùn tó tọ́ ni yóò sì bá níbẹ̀.

Ìbéèrè (Kétu): Laptop mi ti Èkó wá, kíbọ́ọ̀dù QWERTY ló ní. AZERTY, ètò kíbọ́ọ̀dù ti Faransé, ni wọ́n ń lò níbi iṣẹ́. Àmì { àti [ ń dà mí lọ́kàn rú.

Ìdáhùn: Lórí AZERTY ti Faransé, AltGr ni ẹ ó dì mú: 4 fún {, 5 fún [, 6 fún |, 8 fún \, bọ́tìnì = fún }, bọ́tìnì ) fún ]. Tí ẹ kò bá fẹ́ kọ́ ìyẹn, ẹ kó mẹ́ta pọ̀:

```
setxkbmap -layout us,fr,ng -variant ,,yoruba -option grp:alt_shift_toggle
```

Alt pẹ̀lú Shift ni yóò máa gbé yín láti ọ̀kan dé èkejì. Lórí Wayland (ètò tó ń gbé àwòrán sójú kọ̀ǹpútà lórí àwọn Linux tuntun) àṣẹ yìí kì í dúró, inú ètò kíbọ́ọ̀dù ni kí ẹ ti yàn án.

Ìbéèrè (Ṣábẹ̀ẹ́): Laptop tòkunbọ̀ ni mo ní. Tí mo bá ti ń kọ́ ètò ńlá (compile) fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó máa ń falẹ̀ gan-an, ti ìgbà ọyẹ́ tún burú jù. Mo ti fi RAM kún un, kò ṣiṣẹ́.

Ìdáhùn: Kí ẹ tó tún náwó, ẹ ka nǹkan méjì nígbà tó ń falẹ̀: ooru (`sensors`) àti iyára (`watch -n1 "grep MHz /proc/cpuinfo"`).

Tí ooru kò bá ju 50 °C lọ, tí iyára sì rọ̀ mọ́ 400 sí 800 MHz láti ìgbà tí ẹ ti ń ṣiṣẹ́, ṣájà ni kí ẹ fura sí. Orí ṣájà àwọn laptop kan ní abẹ́rẹ́ tín-ín-rín láàrin, òun ló ń sọ iye watt tó ní fún laptop. Tí abẹ́rẹ́ náà bá tẹ̀, tàbí tí ṣájà bá jẹ́ ayédèrú, laptop kò ní gbára lé e: yóò tàn, ṣùgbọ́n bátìrì kò ní gba iná, iyára yóò sì wà ní ìdè. Ẹ yọ ṣájà, kí ẹ fi bátìrì nìkan ṣiṣẹ́. Tó bá yára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ẹjọ́ ti parí. Nígbà tí ẹ bá ń ra òmíràn, volt gbọ́dọ̀ bára mu, ampere lè pọ̀ jù, kò gbọdọ̀ dín: 19.5 V pẹ̀lú 3.34 A jẹ́ 65 W, pẹ̀lú 4.62 A ó jẹ́ 90 W.

Àmọ́ bí ẹ ṣe ṣàlàyé rẹ̀ yìí, tó ń dúró fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kó tó falẹ̀, ooru ló jọ. Tí ẹ bá rí 95 sí 100 °C, eruku ti di pọ̀ láàrin fáànù àti irin tó ń tú ooru jáde. Fífẹ́ afẹ́fẹ́ sí i láti ìta kò tó, ẹ gbọ́dọ̀ tú fáànù. Ẹ pa á, ẹ ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ yọ ẹnu wáyà bátìrì. Tí bátìrì bá ti wú, ẹ má tẹ̀ ẹ́, ẹ má gún un, kò sì tún gbọdọ̀ gba iná mọ́. Ẹ fi ìka di abẹ fáànù mú kó má yí nígbà tí ẹ bá ń fẹ́ ẹ. Tí ẹ bá fẹ́ yí paste orí processor (ìpara tó ń gbé ooru lọ sínú irin) náà, ẹ tú síkúrù láti nọ́ńbà tó ga jù tí wọ́n kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn wá sí 1, ẹ fi ọtí ilé egbògi tí wọ́n kọ 90° sí nu ojú méjèèjì mọ́ (ti 70° ní omi púpọ̀ jù), ẹ kán paste tó tó hóró ìrẹsì kan, kí ẹ wá dè é láti 1 lọ sókè, díẹ̀díẹ̀. Àwọn ìrọ̀rí rírọ̀ tó wà lórí àwọn chip ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ má fi paste rọ́pò wọn, nítorí àyè ibẹ̀ fẹ̀ ju ohun tí paste lè dí lọ.

Bí ooru bá ṣì ń sáré dé 95 °C láàrin ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan lẹ́yìn èyí, irin náà kò jókòó dáadáa. Ẹ tú u padà, kí ẹ wo bí paste ṣe tàn: ibi tó bá ṣì gbẹ lórí processor ni síkúrù kò ti fà á mọ́lẹ̀.