Bí mo ṣe fi fláàṣì mú zobo lójú òfuurufú

Mọ̀mí kan níbí ní Ìbàdàn, tí wọ́n ń se zobo sínú ìgò tà, ló ní kí n ya fọ́tò tuntun tí àwọn máa lẹ̀ mọ́ ara ìgò. Wọn ò fẹ́ ife tó kàn jókòó jẹ́ẹ́ sórí tábìlì. Wọ́n fẹ́ kí ègé ọ̀pẹ̀ òyìnbó já sínú ife, kí zobo ta jáde, kí gbogbo ẹ̀kán tó fò sókè sì dúró gedegbe bíi dígí. Nínú gbogbo iṣẹ́ tó ń bọ́ sí mi lọ́wọ́ ní stúdíò, kò sí èyí tí mo fẹ́ràn tó irú rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ló rò pé ṣọ́tà kámẹ́rà, ìyẹn ìlẹ̀kùn inú rẹ̀ tó ń ṣí tó sì ń pa, ló ń dá ohun tó ń sáré dúró. Níta nínú oòrùn, òun ni lóòótọ́. Nínú stúdíò, fláàṣì ni. Tí yàrá bá ṣókùnkùn, tí ṣọ́tà wá ṣí, kámẹ́rà ò rí nǹkan kan títí fláàṣì á fi bù yẹ̀rì. Bí ìmọ́lẹ̀ yẹn bá ṣe pẹ́ tó ni fọ́tò ọ̀hún ṣe pẹ́ tó. Ṣọ́tà kàn ṣílẹ̀kùn dè é ni.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ègé ọ̀pẹ̀ òyìnbó tó já láti nǹkan bíi 30 sẹ̀ǹtímítà sókè ń sáré tó mítà 2.4 ní ìṣẹ́jú àáyá kan nígbà tó bá fi máa kan zobo. Ṣọ́tà kámẹ́rà mi ò lè bá fláàṣì rìn ju 1/200 ìṣẹ́jú àáyá lọ. Láàárín 1/200 yẹn, ègé náà á ti rin mìlímítà 12, ohun tẹ́ ẹ sì máa rí nínú fọ́tò á jẹ́ ìlà rúdurùdu lásán. Ṣùgbọ́n tí ìmọ́lẹ̀ fláàṣì ò bá pẹ́ ju 1/20000 lọ, ibi tó rìn dé ò tó ìdá kan nínú mẹ́jọ mìlímítà kan. Ojú èèyàn ò lè rí ìyẹn lára ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ìgò.

Ọgbọ́n yìí ti pẹ́ láyé. Ní 1851, ní Royal Institution ní Lọ́ńdọ̀nù, William Henry Fox Talbot lẹ ojú ìwé ìròyìn mọ́ ara àgbá kẹ̀kẹ́ tó ń yí bírí, ó fi iná mànàmáná tó ta yẹ̀rì lẹ́ẹ̀kan yà á nínú òkùnkùn, ọ̀rọ̀ ojú ìwé náà sì hàn. Harold Edgerton, ọ̀jọ̀gbọ́n ní yunifásítì MIT ní Amẹ́ríkà, ló wá sọ ọ́ di iṣẹ́ gidi. Fọ́tò rẹ̀ ti 1957, níbi tí ẹ̀kán mílíìkì ti já lulẹ̀ tó sì ta bí adé, ni mo fi han mọ̀mí lórí fóònù. Wọ́n tẹjú mọ́ ọn, wọ́n ní, “Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni mo ń wí, ọkọ mi. Zobo ni kó ṣáà jẹ́.”

Speedlight méjì, ìyẹn fláàṣì kékeré tí wọ́n ń gbé sórí kámẹ́rà, ni mo lò, mo fi àwọn fláàṣì stúdíò ńlá sílẹ̀. Tẹ́ ẹ bá dín agbára speedlight kù, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ò rọ̀. Ṣe ló ń tètè gé e kúrò. Bí agbára bá ṣe ń kéré sí i ni ìmọ́lẹ̀ ń kúrú sí i. Ẹ wo Nikon SB-900: ní agbára kíkún, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń pẹ́ tó 1/880 ìṣẹ́jú àáyá, ní ìdá kan nínú 128 agbára rẹ̀ (1/128), ó di 1/38500 ìṣẹ́jú àáyá. Ọ̀pọ̀ fláàṣì stúdíò àtijọ́ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ dín tiwọn kù, kí ìmọ́lẹ̀ tún pẹ́ sí i ni. Kẹ́ ẹ tó kó owó lé fláàṣì ńlá fún irú iṣẹ́ yìí, ẹ béèrè bóyá IGBT ló ń lò, ìyẹn ohun tó ń gé ìmọ́lẹ̀ kúrò lójijì bíi ti speedlight, kẹ́ ẹ sì wá ibi tí wọ́n kọ t.1 sí, ìyẹn àsìkò tí ìmọ́lẹ̀ fi wà lókè ìdá kan nínú mẹ́wàá agbára rẹ̀. Iye tí wọ́n sábà máa ń gbé síwájú ni t.5, tó ń ka kìkì àsìkò tí ìmọ́lẹ̀ fi wà lókè ìdajì agbára rẹ̀. Ìrù ìmọ́lẹ̀ tó ń fà lẹ́yìn rẹ̀ ò sí nínú ìṣirò yẹn, bẹ́ẹ̀ kámẹ́rà ṣì ń rí i. t.1 máa ń gùn tó bí ìlọ́po mẹ́ta t.5.

Àwọn kan á ní ẹ lo high-speed sync, ètò tó ń jẹ́ kí fláàṣì bá ṣọ́tà tó yá ju 1/200 lọ ṣiṣẹ́, kẹ́ ẹ gbé ṣọ́tà lọ sí 1/8000. Mi ò gbà wọ́n níyànjú ẹ̀ fún omi. Ṣe ni fláàṣì á máa ṣẹ́jú léraléra bí ṣọ́tà ṣe ń kọjá, agbára rẹ̀ á lọ sílẹ̀ gan-an, òkè fọ́tò àti ìsàlẹ̀ rẹ̀ ò sì ní jẹ́ ti àkókò kan náà gẹ́lẹ́.

Mo fa kọ́tìnnì dúdú, mo pa gbogbo gílóòbù. Kámẹ́rà wà lórí tripod: lẹ́ńsì 100mm, ISO 200 (bí kámẹ́rà ṣe ń gba ìmọ́lẹ̀ sí), f/11 (ojú lẹ́ńsì tó há) kí ẹ̀kán iwájú àti tẹ̀yìn lè mú dáadáa, ṣọ́tà 1/200. Mo kọ́kọ́ ya fọ́tò kan láìtan fláàṣì rárá, ó dúdú kirimú. Ẹ má fo ìgbésẹ̀ yìí. Tí nǹkan kan bá hàn nínú fọ́tò yẹn, bó ti wù kó kéré mọ, iná yàrá á ya òjìji sẹ́yìn gbogbo ohun tí fláàṣì bá mú.

Ẹ̀yìn ni ohun mímu ti ń gba ìmọ́lẹ̀. Iná iwájú kàn máa ń kọ mànà lójú gíláàsì ni. Mo na pépà tracing sẹ́yìn ife, mo gbé fláàṣì kan sẹ́yìn pépà náà, mo gbé èkejì sápá ọ̀tún, sẹ́yìn díẹ̀, kó lè máa fa ìlà funfun sétí ife. Mo fi ọ̀rá tó mọ́ gaara wé àwọn méjèèjì, torí iná àti zobo ò gbọdọ̀ pàdé. 1/32 ni mo gbé agbára wọn sí. Ìmọ́lẹ̀ ò tó láti ibi tí mo kọ́kọ́ gbé wọn sí, ní nǹkan bíi 80 sẹ̀ǹtímítà. Mi ò fọwọ́ kan agbára. Mo sún wọn dé 40. Tẹ́ ẹ bá sún iná dé ìdajì ọ̀nà, ìmọ́lẹ̀ á di ìlọ́po mẹ́rin, bó ṣe kúrú tẹ́lẹ̀ náà ló sì máa kúrú.

Zobo wá kọ̀, kò jẹ́ kí iná kọjá. Ó ki débi pé dúdú ló ń hàn. Mo ní, “Mọ̀mí, ẹ jẹ́ kí n fi omi díẹ̀ là á.” Wọ́n ní, “Rárá o. Ẹni tó bá ra ìgò mi tó rí i pé ó ki ju ti fọ́tò lọ, kí ló máa rò?” Mo rò ó, òótọ́ ni wọ́n sọ. Gíláàsì ni mo pààrọ̀: mo mú èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́, kí ìmọ́lẹ̀ má bàa rìn jìnnà nínú zobo, mo wá gé páálí funfun kékeré sẹ́yìn rẹ̀ gan-an, níbi tí kámẹ́rà ò ti lè rí i. Pupa rẹ̀ jáde lójijì. Zobo wọn gangan ló wà nínú fọ́tò, láìlà.

Kámẹ́rà ò lè fúnra rẹ̀ wá ohun tí kò tíì sí níbẹ̀. Mo mú ìjànjá ìgbálẹ̀ kan, mo gbé e dábùú ẹnu ife níbi tí mo fẹ́ kí ọ̀pẹ̀ òyìnbó já sí, mo yí lẹ́ńsì títí ó fi mú ìjànjá náà, mo sì yí i sí manual kó má bàa tún wá ibòmíì lọ. Mo wá yọ ìjànjá kúrò.

Ọmọ iṣẹ́ mi ló ń ju ègé náà. A kà á pọ̀: “Ení, èjì, ẹ̀ta,” ó sì tú ọwọ́. Tẹ́ ẹ bá tẹ kámẹ́rà nígbà tí ọwọ́ tú, ẹ máa mú ègé náà bó ṣe ń kan zobo. Tẹ́ ẹ bá dúró gbọ́ ìró rẹ̀ kẹ́ ẹ tó tẹ̀ ẹ́, ìgbà tí zobo ti fò dé òkè ni ẹ máa mú, èyí ni mo sì fẹ́. Speedlight tó wà ní 1/32 ń gba agbára padà kíákíá, nítorí náà mo jẹ́ kí kámẹ́rà yà mẹ́ta-mẹ́rin tẹ̀léra. Lẹ́yìn ìjásílẹ̀ kọ̀ọ̀kan, a nu gíláàsì, a nu tábìlì, a tún rọ zobo kún un. Ibẹ̀ ni àkókò ń lọ jù, torí ṣúgà máa ń lẹ̀ mọ́ gbogbo nǹkan.

Mo fa èyí tó dára jù lójú kọ̀ǹpútà títí ẹ̀kán kan ṣoṣo fi kún ojú iboju. Etí rẹ̀ dúdú, àárín rẹ̀ pupa, páálí funfun ẹ̀yìn ife sì wà nínú rẹ̀ lódìkejì, orí rẹ̀ nísàlẹ̀. Ẹ̀kán omi ni lẹ́ńsì, ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ló máa ń yí lórí kodò. Tí ìmọ́lẹ̀ bá pẹ́ díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, gbogbo ìyẹn á ti parẹ́. Mọ̀mí mú fọ́tò náà, wọ́n ní kí n má yọ ẹ̀kán kankan kúrò, títí kan èyí tó fò lọ sétí fọ́tò. Mi ò sì pa fọ́tò méjì pọ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ ṣe èyí fún oníjó bàtá, ọ̀nà kan náà ni, àmọ́ èèyàn tóbi ju ife lọ, speedlight kan ní 1/32 ò lè tan ìmọ́lẹ̀ sí i délẹ̀. Ẹ má kàn gbé agbára ẹyọ kan yẹn sókè dé 1/2. Ẹ so mẹ́rin pọ̀ sórí igi kan, kí kálukú wọn wà ní 1/8: ìmọ́lẹ̀ wọn á tó ti ẹyọ kan tó wà ní 1/2, á sì kúrú jù ú lọ.