Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nínú ìkéde ìmọ́tótó àyíká

“Ẹ wo bí gbogbo èèyàn ṣe ń da ọ̀rá sí gọ́tà!” Irú gbólóhùn yìí ló máa ń kọ́kọ́ wá síni lẹ́nu bí a bá fẹ́ kọ pátákó, òun náà ló sì ń ba iṣẹ́ jẹ́ jù. Ohun tí ẹni tó kà á máa gbọ́ ni pé kò sí ẹni tí kì í ṣe é. (Ògiri tí wọ́n kọ “Má ṣe tọ̀ síbí” sí, ṣebí ibẹ̀ gan-an ni òórùn ti ń bọ̀?)

Robert Cialdini, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìhùwàsí ẹ̀dá, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dán èyí wò ní ọgbà ìjọba Petrified Forest ní Arizona, ní Amẹ́ríkà, níbi tí àwọn àlejò ti ń jí èérún igi tó ti di òkúta. Wọ́n sàmì sára àwọn èérún kan, wọ́n kó wọn sójú ọ̀nà, wọ́n sì ń pààrọ̀ pátákó. Nígbà tí pátákó sọ pé ọ̀pọ̀ àlejò ló ti ń kó igi lọ, nǹkan bí 8 nínú 100 pòórá. Nígbà tó kàn bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má kó o, kò tó 2.

Nítorí náà, ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ kí èèyàn ṣe, kí ẹ sì fi àwọn tó ń ṣe é hàn. Nínú ìwádìí míì, káàdì hòtẹ́ẹ̀lì tó ní kí àlejò tún táwẹ́ẹ̀lì lò nítorí àyíká rí nǹkan bí 35 nínú 100 tó gbà. Èyí tó sọ pé ọ̀pọ̀ àlejò ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ rí 44. Bí àwọn tó ń ṣe é kò bá pọ̀, ẹ má purọ́ o. Bí wọ́n bá ń pọ̀ sí i, ẹ sọ ìyẹn.

Àṣìṣe kan tún wà tó fara sin. Ní San Marcos, California, àwọn olùwádìí kọ̀wé sí onílé kọ̀ọ̀kan: iye iná tí ẹ lò nìyí, iye tí àwọn aládùúgbò lò nìyí. Àwọn tó ń lò jù dín in kù. Àwọn tí tiwọn kéré ńkọ́? Ńṣe ni wọ́n fi kún un! Ìgbà tí wọ́n ya ojú tó ń rẹ́rìn-ín sínú ìwé tiwọn ni ìyẹn tó dáwọ́ dúró. Ẹ má ṣe fi ẹnì kan wé ẹlòmíì láì yin ẹni tó ń ṣe dáadáa.

“Ẹ dáàbò bo àyíká” kò sọ ohun tí ọwọ́ máa ṣe. “Ju ọ̀rá píọ̀ wọ́tà sínú garawa yìí” ló sọ ọ́. Àmọ́ bí garawa ò bá sí nítòsí, pátákó ò lè ṣe nǹkan kan. Ibi tí èèyàn ti ń mu omi náà tán ló yẹ kó wà, ọkọ̀ akólẹ̀ ni kó wá a débẹ̀. Kí ẹ tó gbé e kalẹ̀, ẹ yẹ ibùdókọ̀ wò nírọ̀lẹ́. Ibi tí ọ̀rá bá ti pọ̀ jù nílẹ̀ ni àyè rẹ̀.