Bí mo ṣe bọ́ lọ́wọ́ iyanrìn inú zobo mi

Tíì alẹ́ kì í jẹ́ kí n sùn, ni mo bá yà sí zobo gbígbóná, torí òdòdó ìṣápá pupa kò ní káfíìnì. Ṣùgbọ́n iyanrìn ń dún kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀ léyín mi, ó sì kan jù.

Dída omi ìṣanwọ́n nù ló ń dá iyanrìn padà sórí òdòdó. Ní báyìí, mo rì í sínú abọ́ omi tútù, mo fọwọ́ kó o jáde wéré. Iyanrìn á jókòó sísàlẹ̀. Nítorí kíkan rẹ̀, n kò se òdòdó náà mọ́. Mo da omi híhó lé ẹ̀kúnwọ́ kan, mo dé e fún ìṣẹ́jú 10, mo fi aṣọ funfun sẹ́ ẹ.

Màmá mi ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ bi dókítà wọn kí wọ́n tó mu zobo.