Bí sáfà kò ṣe ní dákú lọ́jọ́ tí èsì ìdánwò bá jáde

Lọ́jọ́ lásán, ìkànnì èsì ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Kabba lè má rí ju èèyàn mẹ́ta lọ ní ìṣẹ́jú kan. Ọjọ́ tí èsì bá jáde, Mopa, Ìsánlú, Ẹ̀gbẹ̀, gbogbo wọn á dé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ohun tó sábà ń pa sáfà (kọ̀ǹpútà tó ń fi ojú-ewé ìkànnì ránṣẹ́) lọ́jọ́ náà ni pé kì í lé ẹnikẹ́ni. Ẹ wo ẹ̀rọ tí a fi ń lọ ẹ̀gẹ́: tí ẹ bá da agbọ̀n mẹ́ta sí i lẹ́nu pọ̀, ńṣe ló máa há.

Orí RAM, ìyẹn ibi tí ẹ̀rọ ń kó iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́ sí, ni ká ti bẹ̀rẹ̀. Ká ní ó jẹ́ 2048MB. Ẹ yọ 800 sọ́tọ̀ fún Linux (ètò tó ń darí ẹ̀rọ), nginx (tó ń gbàlejò) àti MySQL (tó ń tọ́jú èsì), ó ku 1248. Ẹ fi `ps -C php-fpm8.3 -o rss` wo ohun tí òṣìṣẹ́ PHP kọ̀ọ̀kan (ètò tó ń ṣe ojú-ewé èsì) ń jẹ; KB ló fi ń kà á. Tó bá tó 60MB, 20 ni 1248 lè gbé. Ẹ kọ ọ́ báyìí sínú fáìlì ètò PHP-FPM; max_children ni iye òṣìṣẹ́ PHP, backlog ni iye ìbéèrè tó lè dúró lórí ìlà:

pm = static
pm.max_children = 20
listen.backlog = 40

max_children 5 tí Ubuntu (irú Linux kan) máa ń gbé wá kéré jù. Ẹni tó bá sì kọ 100 ti ń bẹ̀rẹ̀ 6000MB lọ́wọ́ ẹ̀rọ tí kò ní in. Swap, ìyẹn dísíìkì tí ẹ̀rọ ń lò bíi RAM nígbà tí RAM bá kún, ló máa já sí: ojú-ewé tó ń gba ìṣẹ́jú àáyá 0.25 á di mẹ́wàá, àwọn èèyàn á tún un tẹ̀, ẹrù á wá di méjì.

Òṣìṣẹ́ PHP 20 tó ń lo ìṣẹ́jú àáyá 0.25 á dáhùn ìbéèrè 80 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, bí CPU (ọpọlọ ẹ̀rọ) kò bá kọ́kọ́ kún. Àwọn 40 tó wà lórí ìlà kò ní dúró ju ààbọ̀ ìṣẹ́jú àáyá lọ. Ẹni tó bá lé sí i, ẹ dá a padà kíákíá nínú fáìlì ètò nginx; 502 ni àṣìṣe tó ń jáde nígbà tí ìlà PHP bá kún, 503 ni ti "ẹ dúró ná":

error_page 502 =503 /e-duro.html;

Ìgbà tí nginx bá ń bá PHP sọ̀rọ̀ gba Unix socket (fáìlì kan nínú ẹ̀rọ náà) nìkan lèyí ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Tó bá jẹ́ àdírẹ́sì nẹ́tíwọ̀kì bíi 127.0.0.1:9000 ni, wọn kò ní lé ẹni náà, á kàn máa dúró ṣáá.

Ẹ má fi IP (àdírẹ́sì lórí íńtánẹ́ẹ̀tì) dín iye ìbéèrè wọn kù o. Ọ̀pọ̀ fóònù tó wà lórí nẹ́tíwọ̀kì kan náà ló ń jáde láti IP kan ṣoṣo; ẹ ó ti odidi kíláàsì mọ́ta.

Ẹ má sì pa fastcgi_buffering, ètò tó ń jẹ́ kí nginx gba ojú-ewé lọ́wọ́ PHP pamọ́. Fóònù tí nẹ́tíwọ̀kì rẹ̀ ń fà lábúlé Bùnú á pẹ́ kó tó gba ojú-ewé tán. Nginx ni kó máa dúró dè é, kí PHP lọ dá ẹlòmíì lóhùn.

Ẹ fi index (atọ́ka tó ń jẹ́ kó tètè rí èsì) sórí nọ́ńbà ìdánwò nínú MySQL.

Láti orí kọ̀ǹpútà mìíràn, ẹ fi `ab -n 2000 -c 50` (ìbéèrè 2000, 50 lẹ́ẹ̀kan náà) dán an wò, lẹ́yìn náà `-c 200`. Ní 200, 503 á pọ̀, ṣùgbọ́n àwọn tó wọlé gbọ́dọ̀ ṣì yá. Tí `free -m` bá fi hàn pé swap ń gòkè, ẹ sọ max_children 20 di 16.